Ẹ̀kọ́ paralegal ní Amẹ́ríkà: kí ló lè sọ yín dà, kí ni kò lè sọ yín dà?

Ẹni tó bá wà nínú ẹgbẹ́ WhatsApp àwọn ọmọ Yorùbá ní Houston, ní Maryland tàbí ní New York á ti rí irú ọ̀rọ̀ yìí rí: "Ẹ lọ ṣe paralegal ní community college. Oṣù díẹ̀ ni, ẹ ó sì di lọ́yà." Kò ní pẹ́ tí ẹlòmíràn á fi fèsì pé irọ́ ni, pé bébà lásán ni wọ́n ń fúnni níbẹ̀, pé kò sẹ́ni tó ń gbà wọ́n síṣẹ́. Ẹnì kẹta á wá ní òun mọ ẹnì kan tó ṣe é, tó ń bá àwọn èèyàn kọ fọ́ọ̀mù immigration ní pálọ̀ rẹ̀, tówó sì ń wọlé. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ṣì í sọ. Ti ẹnì kẹta ló sì léwu jù, torí ó lè gbé ẹni tó ń kọ fọ́ọ̀mù dé kóòtù, kó sì lé ẹni tí wọ́n kọ ọ́ fún kúrò nílùú.

Iṣẹ́ gidi ni iṣẹ́ paralegal. Mo fẹ́ kí àwọn èèyàn wa ṣe é, pàápàá àwọn tó ti kàwé nílé kí wọ́n tó rìnrìn àjò, tí wọ́n wá ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé ìtọ́jú àgbàlagbà tàbí ní ilé ìkẹ́rùsí, tí ìwé tí wọ́n kà wà lásán. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ iṣẹ́ tí èèyàn ń ṣe lábẹ́ lọ́yà ni ẹ̀kọ́ náà ń fúnni. Kò fúnni láṣẹ láti dá dúró. Gbogbo ìyókù tí mo fẹ́ ṣàlàyé, orí èyí ló dúró lé.

Ta ni paralegal gan-an?

Paralegal ni òṣìṣẹ́ tó kọ́ nípa òfin, tó ń ṣe ojúlówó iṣẹ́ òfin, ṣùgbọ́n tí lọ́yà kan ń bójú tó o, tí lọ́yà náà ni yóò sì dáhùn fún ohun tó bá ṣe lẹ́nu iṣẹ́. Ó ń wá àwọn ẹjọ́ àtijọ́ tí ilé ẹjọ́ ti dá lórí irú ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀. Ó ń fọ̀rọ̀ wá oníbàárà àti ẹlẹ́rìí lẹ́nu wò. Ó ń kọ ìwé ẹjọ́ sílẹ̀ kí lọ́yà tó yẹ̀ ẹ́ wò kó sì fọwọ́ sí i. Ó ń to fáìlì, ó sì ń ṣọ́ ọjọ́ tí ìwé gbọ́dọ̀ dé kóòtù.

Ẹ rántí bí wọ́n ṣe ń dáná ìnáwó ńlá. Olórí alásè kọ́ ló ń ṣa ẹ̀fọ́, òun kọ́ ló ń gé ẹran. Àwọn tó mọṣẹ́ ló yí i ká, bí wọn ò bá sì sí, oúnjẹ ò ní jinná kí àlejò tó dé. Síbẹ̀ olórí alásè ni olóde bá dúnàádúrà, òun ló ń tọ́ ọbẹ̀ wò kí wọ́n tó bù ú, bí iyọ̀ bá sì pọ̀ jù, òun ni wọ́n á pè. Ipò àwọn tó yí alásè ká yẹn ni paralegal wà ní ọ́fíìsì lọ́yà.

Nǹkan mẹ́rin ló jẹ́ èèwọ̀ fún un. Kò gbọ́dọ̀ dá gba ẹjọ́ lọ́wọ́ oníbàárà. Kò gbọ́dọ̀ dá iye tí oníbàárà máa san lé e. Kò gbọ́dọ̀ gbẹnu sọ fún ẹnikẹ́ni níwájú adájọ́. Kò sì gbọ́dọ̀ fúnni nímọ̀ràn òfin. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló ń dàrú mọ́ èèyàn lójú. "Ọjọ́rú ni ìgbẹ́jọ́ yín, aago mẹ́sàn-án àárọ̀": ìròyìn lásán nìyẹn. "Ẹ má fọwọ́ sí ìwé tí onílé gbé wá yẹn, ẹ ó borí rẹ̀ ní kóòtù": ìmọ̀ràn òfin nìyẹn, torí ẹni tó sọ ọ́ ti wo ọ̀ràn oníbàárà, ó ti fi òfin díwọ̀n rẹ̀, ó sì ti sọ ohun tó yẹ kó ṣe fún un. Bí lọ́yà bá ní kí paralegal lọ sọ bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ iṣẹ́ náà bí wọ́n ṣe rán an. Kò kàn lè ti inú ara rẹ̀ mú un jáde.

Kí ni community college, kí ló sì dé tó fi jẹ́ ibẹ̀?

Iléèwé gíga ìjọba tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ sábà máa ń gba ọdún méjì ni. Joliet Junior College ní ìpínlẹ̀ Illinois, tó pẹ́ jù nínú wọn, ti wà láti 1901. Owó orí àwọn ará àdúgbò wà nínú ohun tó ń gbé irú iléèwé bẹ́ẹ̀ ró, ìdí nìyí tí owó tí ará àdúgbò ń san fi kéré sí ti ẹni tó wá láti ibòmíràn. Wọ́n ń kọ́ni lálẹ́, wọ́n ń kọ́ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tó sì ń tọ́mọ lè máa mú kọ́ọ̀sì ní méjì méjì. Montgomery College ní Maryland ń kọ́ni níṣẹ́ paralegal, Northern Virginia Community College náà ń kọ́ni, bẹ́ẹ̀ sì ni Lone Star College ní agbègbè Houston. Àwọn àdúgbò tí èèyàn wa pọ̀ sí nìwọ̀nyí.

Ọ̀nà méjì ló wà níbẹ̀, ibí yìí sì ni ọ̀pọ̀ ti ń fi owó àti ọdún ṣòfò. Èkíní ni associate degree, nǹkan bí 60 kírẹ́díìtì, tó ń gba ọdún méjì lọ́wọ́ ẹni tó ń kàwé nìkan, tó sì ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ mọ́ ọn. Yàtọ̀ sí kọ́ọ̀sì òfin, Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò àti àwọn ẹ̀kọ́ gbogboogbò wà nínú rẹ̀. Èkejì ni certificate, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kọ́ọ̀sì òfin nìkan, tí ọ̀pọ̀ iléèwé sì ṣe fún ẹni tó ti ní dìgírì tẹ́lẹ̀.

Ẹni tó gboyè ní OAU, ní UI tàbí ní LASU kò yẹ kó tún bẹ̀rẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò láti ìbẹ̀rẹ̀ láìjẹ́ pé ó ti wádìí. Ẹ kọ́kọ́ mú ìwé yín lọ sọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń díwọ̀n ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ òkèèrè, irú èyí tí iléèwé náà gbà, kí wọ́n sọ ohun tí dìgírì yín dúró fún ní Amẹ́ríkà. Bí wọ́n bá kà á sí bachelor's, ẹ lè gba ọ̀nà certificate, kí ẹ sì parí láàárín nǹkan bí ọdún kan. Owó tí wọ́n ń gbà fún ìdíwọ̀n ìwé ẹ̀rí yìí kéré púpọ̀ sí owó iléèwé ọdún kan tí ẹ kò nílò.

Nípa owó iléèwé, fọ́ọ̀mù FAFSA, èyí tí wọ́n fi ń béèrè ìrànlọ́wọ́ owó iléèwé lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, ni ẹ ó kọ́kọ́ kọ. Pell Grant, owó ìjọba àpapọ̀ tí èèyàn kì í dá padà, lè tó 7,395 dọ́là ní ọdún ẹ̀kọ́ 2024 sí 2025 fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún ìdílé rẹ̀ kò pọ̀. Ọmọ onílùú àti ẹni tó ní green card lè gbà á, ẹni tó wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ kò lè gbà á. Ohun tí kì í sẹ́ni tó ń sọ fún àwọn èèyàn wa ni pé ẹni tó ti ní bachelor's kì í rí Pell gbà fún irú ẹ̀kọ́ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Nàìjíríà ló ti gbà á. Àwọn kan máa ń gbani nímọ̀ràn pé kí èèyàn má dárúkọ dìgírì náà rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà fún wọn. Irọ́ lórí FAFSA, irọ́ níwájú ìjọba àpapọ̀ ni, ẹni tó ń wá iṣẹ́ òfin kò sì gbọ́dọ̀ fi bẹ̀rẹ̀.

Kí ni wọ́n ń kọ́ nínú kíláàsì?

Ìtò ilé ẹjọ́ ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀: èwo ni ti ìjọba àpapọ̀, èwo ni ti ìpínlẹ̀, ta ló lè yí ìdájọ́ ta padà. Lẹ́yìn náà ni wíwá ẹjọ́ lórí Westlaw àti Lexis, àwọn ibi tí wọ́n kó ìwé òfin àti ìdájọ́ jọ sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kíkọ ìwé òfin, òfin àdéhùn, òfin ìdílé, ọ̀rọ̀ ogún àti ìwé ìhágún. Ẹ jẹ́ ká mú ẹyọ kan wò fínnífínní, kíka ọjọ́, torí ó fi hàn bí iṣẹ́ náà ṣe rí.

Ká ní wọ́n fi ìwé ìpẹ̀jọ́ lé oníṣòwò kan lọ́wọ́ ní Houston ní Ọjọ́rú, ọjọ́ 5 oṣù Kẹta 2025. Ìgbà wo ló gbọ́dọ̀ fèsì dà? Bó bá jẹ́ ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n ti pè é, ọjọ́ 21 ló ní. Wọn kì í ka ọjọ́ tí ìwé dé ọwọ́ rẹ̀, Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 6, ni wọ́n ń pè ní ọjọ́ kìíní. Wọ́n ń ka Àbámẹ́ta àti Àìkú mọ́ ọn. Ọjọ́ kọkànlélógún bọ́ sí Ọjọ́rú, ọjọ́ 26. Ká ní òpin ọ̀sẹ̀ tàbí ọjọ́ ìsinmi ìjọba ló bọ́ sí ni, ì bá sún sí ọjọ́ iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e. Bó bá wá jẹ́ ilé ẹjọ́ district tàbí county ti ìpínlẹ̀ Texas ni, kíkà ibẹ̀ yàtọ̀. Wọ́n á ka 20 ọjọ́, wọ́n á wá Ọjọ́ Ajé tó kàn lẹ́yìn tó bá pé, aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni gbèdéke. Ogún ọjọ́ pé ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 25, Ọjọ́ Ajé tó kàn sì ni ọjọ́ 31. Ọjọ́ kan náà ni ìwé dé ọwọ́ ọkùnrin yìí, àmọ́ gbèdéke méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà. Bó bá jẹ́ kó kọjá láìfèsì, adájọ́ lè dá ẹni tó pè é lẹ́jọ́ láre láìgbọ́ tẹnu tirẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì lọ́yà, paralegal ló ń ka ọjọ́ yẹn, tó ń kọ ọ́ sí kàlẹ́ńdà, tó sì ń rán lọ́yà létí.

Bákan náà ni wọ́n ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń pa ọ̀rọ̀ àṣírí rẹ́ kúrò nínú ìwé tó ń lọ sí kóòtù. Ní ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀, nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nìkan ló gbọ́dọ̀ hàn nínú nọ́ńbà Social Security àti ti akáǹtì báńkì. Ọdún nìkan ló gbọ́dọ̀ hàn nínú ọjọ́ ìbí. Lẹ́tà àkọ́kọ́ nìkan ló gbọ́dọ̀ hàn nínú orúkọ ọmọdé. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò bá tólẹ̀, iṣẹ́ yìí á nira fún un.

Ìwé kíkọ ló ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú wa bákan, kì í ṣe pé a ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Gẹ̀ẹ́sì ńláńlá tí wọ́n fi kọ́ wa ní sẹ́kọ́ńdìrì, tí gbólóhùn kan ń gba ìlà márùn-ún, ni olùkọ́ á máa fi gègé pupa pa rẹ́. Wọ́n fẹ́ kí ẹ sọ ìbéèrè tó wà nílẹ̀, kí ẹ sọ òfin tó kàn án, kí ẹ fi òfin náà wé ohun tó ṣẹlẹ̀, kí ẹ sọ ibi tí ẹ fẹnu ọ̀rọ̀ jóná sí. Ó tán.

Ẹ̀kọ́ ìwà ọmọlúàbí lẹ́nu iṣẹ́ náà wà níbẹ̀, àwa tí a ń gbé láàárín ara wa ló sì kàn jù. Bí ẹ bá rí fáìlì ìkọ̀sílẹ̀ ọmọ ìjọ yín ní ọ́fíìsì, kò gbọ́dọ̀ dé ṣọ́ọ̀ṣì. Kò gbọ́dọ̀ dé ibi ìpàdé ẹgbẹ́ ìlú. Kò gbọ́dọ̀ dé etí ọkọ tàbí aya yín pàápàá.

Approved, certificate, certified: èwo ni èwo?

Iléèwé ni "ABA-approved" ń bá wí, kì í ṣe èèyàn. ABA ni American Bar Association, ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà Amẹ́ríkà, láti àwọn ọdún 1970 ni wọ́n sì ti ń yẹ ẹ̀kọ́ paralegal wò. Kò pọn dandan fún iléèwé, èyí tó bá wù ló ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá. Iléèwé tó dáa wà tí kò ní in, ṣùgbọ́n àwọn ọ́fíìsì lọ́yà kan máa ń béèrè rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń gbani síṣẹ́. Orúkọ àwọn tó ní in wà lórí ojúewé ABA fúnra rẹ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ ti wò ó, kì í ṣe lórí ìwé ìpolówó.

Certificate ni ohun tí iléèwé fi jẹ́rìí pé ẹ parí ẹ̀kọ́. Certified, ẹgbẹ́ àwọn paralegal ló ń fi dánilọ́lá lẹ́yìn ìdánwò. Ẹgbẹ́ NALA ti ń ṣe ìdánwò Certified Paralegal láti 1976, ẹni tó bá sì yege gbọ́dọ̀ ṣe 50 wákàtí ẹ̀kọ́ láàárín ọdún márùn-ún márùn-ún kó má bàa pàdánù rẹ̀. Ẹgbẹ́ NFPA náà ní ìdánwò tirẹ̀. Ẹni tó gba certificate lánàá tó wá kọ "Certified Paralegal" sínú CV rẹ̀ ti parọ́ láìmọ̀, ẹni tó mọṣẹ́ á sì rí i lójú ẹsẹ̀.

Láísẹ́ǹsì ńkọ́? Ọ̀pọ̀ jù lọ ìpínlẹ̀ kò béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ paralegal tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ lọ́yà. California ló fi òfin de orúkọ náà: ẹni tí kò ní ẹ̀kọ́ tàbí ìrírí tí òfin là sílẹ̀, tàbí tí kò ṣiṣẹ́ lábẹ́ lọ́yà, kò gbọ́dọ̀ pe ara rẹ̀ ní paralegal níbẹ̀. Arizona àti Utah lọ síwájú sí i, wọ́n ń fún àwọn kan ní láísẹ́ǹsì láti dá ṣe ìwọ̀nba iṣẹ́ òfin, irú bí ọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀. Ìyẹn ní ìdánwò àti ohun àmúyẹ tirẹ̀, certificate community college nìkan kò lè gbé e.

Ṣé ó lè sọ èèyàn di lọ́yà?

Rárá. Ẹni tó fẹ́ di lọ́yà ní Amẹ́ríkà sábà máa ń gba bachelor's, lẹ́yìn náà law school ọdún mẹ́ta, lẹ́yìn náà ìdánwò bar tí wọ́n fi ń gba àṣẹ láti ṣe lọ́yà. Kírẹ́díìtì paralegal kò dín law school tàbí ìdánwò bar kù, òmíràn nínú rẹ̀ kì í tilẹ̀ tẹ̀ lé èèyàn dé yunifásítì.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ní LL.B. láti Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ yín yàtọ̀. New York ń gba ẹni tó kàwé òfin ní ilẹ̀ tó ń lo irú òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyè láti ṣe ìdánwò bar lẹ́yìn tí wọ́n bá yẹ ìwé rẹ̀ wò, wọ́n sì máa ń ní kí ẹlòmíràn lọ fi LL.M., dìgírì kejì nínú òfin, kún un. Iṣẹ́ paralegal lè gbọ́ bùkátà yín lásìkò yẹn, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni àtẹ̀gùn.

Fọ́ọ̀mù immigration: ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀

Ní Nàìjíríà, lọ́yà tí Adájọ́ Àgbà orílẹ̀-èdè yàn ni notary public. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó kàn ń jẹ́rìí sí ìfọwọ́síwèé ni, kò sì nílò láti kàwé òfin. Nígbà tí ìyá kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bá wá rí "Notary Public, Paralegal, Immigration" lára ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta gàrí, ó ṣeé ṣe kó gbà pé lọ́yà ló wà nínú ilé. Owó tó kó jọ látọjọ́ pípẹ́ ló máa kó fún un.

Kíkọ orúkọ àti àdírẹ́sì sórí fọ́ọ̀mù kọ́ ni ìṣòro. Òfin sábà máa ń gba olùrànlọ́wọ́ láyè láti bá èèyàn kọ ìdáhùn tí onítọ̀hún fẹnu ara rẹ̀ sọ, bí olùrànlọ́wọ́ náà bá ti fọwọ́ síbi tí wọ́n ní kó fọwọ́ sí. Ọ̀ràn dé nígbà tí olùrànlọ́wọ́ bá ń yan fọ́ọ̀mù tó yẹ, tàbí tó ń sọ bí wọ́n ṣe máa dáhùn. Ẹ wo fọ́ọ̀mù N-400, èyí tí wọ́n fi ń béèrè láti di ọmọ onílùú. Wọ́n ń béèrè níbẹ̀ bóyá èèyàn ti dìbò rí, tàbí bóyá ó ti pe ara rẹ̀ ní ọmọ Amẹ́ríkà rí. Ẹni tó ní green card lè ti fọwọ́ sí ìwé ìforúkọsílẹ̀ ìdìbò níbi tó ti lọ gba láísẹ́ǹsì mọ́tò, láìmọ ohun tó fọwọ́ sí. Bí ó bá fi fọ́ọ̀mù náà ránṣẹ́ láìrí lọ́yà, òun fúnra rẹ̀ ló gbé ọ̀ràn tó lè lé e nílùú lé ìjọba lọ́wọ́. Aládùúgbò tó gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ kò mọ̀ pé ó yẹ kí òun béèrè. Asylum, ààbò tí ẹni tó sá kúrò nílùú rẹ̀ torí inúnibíni ń béèrè, ńkọ́? Láàárín ọdún kan tí èèyàn wọ̀lú ló gbọ́dọ̀ béèrè rẹ̀, àyàfi tó bá ní ìdí tí òfin gbà. Ẹni tó ní "ẹ fọkàn balẹ̀, àsìkò ń bẹ" ti lè ba ọ̀ràn jẹ́ kọjá àtúnṣe.

Ìyà wà fún ẹni tó ń ṣe é náà. Ṣíṣe iṣẹ́ lọ́yà láìní àṣẹ lè di ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn, ìwé ẹ̀rí paralegal kò sì gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó mọ́ wà, ó sì dùn mí pé àwọn èèyàn wa kì í sọ ọ́. Ẹ̀ka ìdájọ́ ìjọba àpapọ̀, Department of Justice, ní ètò kan tí ẹni tí kì í ṣe lọ́yà fi lè di accredited representative. Àjọ aláàánú tí ìjọba ti fọwọ́ sí ló máa béèrè fún un lórúkọ rẹ̀, lẹ́yìn tó bá ti fi hàn pé ó mọ òfin immigration, ìwà rẹ̀ sì dáa. Àwọn kan lè ṣojú èèyàn níwájú USCIS, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ fọ́ọ̀mù immigration wò, nìkan, àwọn tí àṣẹ tiwọn kún lè dé ilé ẹjọ́ immigration pàápàá. Paralegal tó gbọ́ Yorùbá, tó ń ṣiṣẹ́ ní irú àjọ bẹ́ẹ̀, tó sì gba àṣẹ yìí, ó lè jókòó ti ìyá wa yẹn, kó ṣàlàyé ọ̀ràn rẹ̀ fún un lédè tó yé e, kí òfin sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ṣé iṣẹ́ wà, èló sì ni?

Iṣẹ́ wà ní ọ́fíìsì lọ́yà, ní ilé iṣẹ́ ìjọba, ní ilé iṣẹ́ ìbánigbófò, ní báńkì. Bureau of Labor Statistics, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣírò owó òṣìṣẹ́, fi hàn pé ní oṣù Karùn-ún 2024, ìdajì àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ń gbà ju 61,010 dọ́là lọ lọ́dún, ìdajì tó kù sì ń gbà tó kéré sí i. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ máa retí iye yẹn lọ́jọ́ kìíní.

Kí ni kí ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó?

Ẹ béèrè bóyá ABA fọwọ́ sí i. Bí kò bá sí, ẹ pe ọ́fíìsì lọ́yà díẹ̀ ní àdúgbò yín kí ẹ béèrè bóyá wọ́n ń gba akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀. Ẹ béèrè bóyá kírẹ́díìtì ibẹ̀ ṣeé gbé lọ sí yunifásítì, kí ẹ sì ní kí wọ́n dárúkọ yunifásítì náà. Ẹ sá fún ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré lẹ máa fi parí, tí kò ní kíkọ ìwé òfin, tí kò sì ní internship, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ ní ọ́fíìsì lọ́yà, nínú.

Internship yìí gan-an ni kí ẹ tẹ̀ mọ́ jù, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń rí iṣẹ́ àkọ́kọ́. Ẹ béèrè àwọn ọ́fíìsì tí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún tó kọjá ti lọ ṣe é, àti àwọn tí wọ́n gbà síṣẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó ń gba fọ́ọ̀mù ní ẹnu ọ̀nà kò ní mọ̀ ọ́n, olùdarí ẹ̀ka paralegal ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀. Ẹ tètè ṣe é, torí oṣù Kẹjọ àti oṣù Kìíní ni ọ̀pọ̀ community college ń bẹ̀rẹ̀ kíláàsì tuntun.